Irúgbìn ìgbà òtútù ní Ọ̀bà-Ilé: àkọsílẹ̀ ọgbà kan láàárín ọyẹ́ méjì

Màmá tó ni ọgbà yìí, olùkọ́ fẹ̀yìntì ni wọ́n. Ọ̀bà-Ilé ni ilé wọn wà, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n dáadáa á mọ̀ pé wọn kì í sábà fowó ra ẹ̀fọ́. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbúre, ìgbágbá: látìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta títí yóò fi dáwọ́ dúró, ẹ̀yìnkùlé wọn kì í ṣófo. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á fa omi kànga, iṣẹ́ á máa lọ. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé lẹ́yìn tí nǹkan bàjẹ́, ohun tí àwọn ará àdúgbò ń sọ ni pé Màmá ò mọ irúgbìn Òyìnbó gbìn. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ọgbà ṣe ni wọ́n; ìmọ̀ràn tó bá irúgbìn náà wá ló ṣì wọ́n lọ́nà.

Ọmọ wọn obìnrin ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìlú Ọba ló ń gbé, ó ní ọgbà kékeré kan lẹ́yìn ilé, ó sì máa ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Màmá lórí WhatsApp. Nínú ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, funfun báláú, kale, ẹ̀fọ́ kan tó jẹ́ ìbátan kábéèjì, sì dúró láàárín rẹ̀, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Màmá ní ohun tó bá lè dúró nínú yìnyín, kí ni ọyẹ́ Àkúrẹ́ fẹ́ fi í ṣe? Ìbéèrè gidi nìyẹn, èmi náà sì rò ó dáadáa kí n tó dá wọn lóhùn.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ọmọ náà fi irúgbìn rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Kale wà níbẹ̀, kábéèjì, Brussels sprouts, spinach (ti Òyìnbó, kì í ṣe tẹ̀tẹ̀), létúùsì, káróòtì, àti àlùbọ́sà Ailsa Craig tí wọ́n ń gbìn káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ ọ́ sórí pépà kan pé: "Mọ́mì, àwọn yìí fẹ́ràn òtútù gan-an, ìgbà ọyẹ́ ni kẹ́ ẹ gbìn wọ́n."

Kí n yà síbí díẹ̀. Irúgbìn láti òkè òkun kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kì sáàárín aṣọ nínú báàgì. NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn àti ẹran wò ní ibodè, ń béèrè ìwé àṣẹ ìkówọlé, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè tí irúgbìn náà ti wá pé kò gbé àrùn tàbí kòkòrò dání. Mo sọ fún Màmá, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ọ rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n òfin náà ní ìdí: àrùn kan ṣoṣo tó bá tẹ̀lé irúgbìn wọlé lè pa oko ẹlòmíì tí kò mọ̀wọ́ mẹsẹ̀.

Bí wọ́n bá ti gbìn ín lọ́sẹ̀ tó dé, ọ̀rọ̀ náà ì bá dára díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà ọyẹ́ lọmọ sọ, Màmá sì dúró de ọyẹ́. Ó di àárín oṣù Ọ̀pẹ, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti òkè Ọya, tí eruku bo ojú ọ̀run, tí ètè ń là, wọ́n ní ó tó wàyí. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fọ́n lára irúgbìn kọ̀ọ̀kan, tààrà sórí ebè, bí wọ́n ṣe máa ń fọ́n tẹ̀tẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn tó ń dáko ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé wo ọgbà wọn. Nígbà tí wọ́n fi pè mí, oṣù kìíní ti ń parí lọ.

Spinach ò hù rárá. Létúùsì hù níbi mélòó kan lábẹ́ òjìji igi máńgòrò, kò sí ẹyọ kan níbi tí oòrùn ti ń pa ilẹ̀. Àlàyé ìyẹn ò le. Bí ilẹ̀ bá gbóná kọjá nǹkan bí 30°C, ńṣe ni irúgbìn létúùsì máa ń sùn, kò ní hù bí wọ́n bá rọ odindi kànga lé e lórí. Ti spinach náà ò yàtọ̀ púpọ̀ sí i. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ló ń tan èèyàn jẹ. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, Màmá á wọ súwẹ́tà jáde sí ọgbà. Mo ki tẹmómítà bọ ilẹ̀ ebè kan náà ní aago méjì ọ̀sán, ó lé ní 35°C.

Káróòtì ò tiẹ̀ rí àyè hù. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, kó tó yọjú. Màmá tó mọ̀ pé tẹ̀tẹ̀ kì í kọjá ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ní ó ti kú, wọ́n tú ebè náà, wọ́n fọ́n ṣọkọ lé e. Láàárín ṣọkọ yẹn la ti wá rí káróòtì mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n pín ẹsẹ̀ sí méjì sí mẹ́ta nítorí òkúta wẹ́wẹ́ tó kún ilẹ̀ náà àti ìgbẹ́ adìyẹ tútù tí wọ́n dà sí i.

Kábéèjì hù dáadáa, òun náà ló sì dùn mí jù. Gbogbo ewé rẹ̀ ló ti lu. Mo ká ọ̀kan sókè kí n wo abẹ́ rẹ̀. Kòkòrò kan wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé ni tirẹ̀ náà, kò gùn ju ẹyọ ìrẹsì lọ, orí rẹ̀ tín-ín-rín, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Mo fọwọ́ kàn án báyìí, ó ta pọ́n-ún sẹ́yìn, ó já bọ́ kúrò lórí ewé, ṣùgbọ́n kò délẹ̀: ó ń mì dirodiro lórí òwú fẹ́lẹ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ ta. Níbi tí àwọn kéékèèké inú wọn ti jẹ, ewé náà ò tíì lu já. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣẹ́ kù lókè tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹni tó bá ti rí àmì yìí kò nílò láti béèrè mọ́. Diamondback moth làwọn oníṣẹ́ ọ̀gbìn ń pè é, àfòpiná kékeré eléérú ló ń bí i, gbogbo ìdílé kábéèjì ló sì ń jẹ. Ìgbà òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn, torí òjò ń fọ̀ ọ́ dànù. Ẹ̀ẹ̀rùn lọdún tirẹ̀.

Kòkòrò kejì wà tó burú ju ìyẹn lọ, ìyẹn webworm. Inú ọ̀mùnú ló ń gbé, ọkàn kábéèjì gan-an ló ń jẹ. Bí ọkàn bá ti kú, kábéèjì á yọ orí kéékèèké mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní lè kó ọ̀kan jọ tó tóbi. Màmá ti rò pé bí irú ti Ìlú Ọba ṣe ń rí nìyẹn, wọ́n tiẹ̀ ti yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ọmọ.

Wọ́n ti fín oògùn sí i o. Ẹnì kan lọ́jà ló tà á fún wọn nínú ìgò tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì. Oògùn ọ̀hún pa àwọn kòkòrò tó ń bá wa jẹ kòkòrò, aláǹtakùn àti agbọ́n, ó sì fi èyí tó ń jẹ kábéèjì sílẹ̀. Àfòpiná yìí wà lára àwọn kòkòrò tí oògùn kì í ràn mọ́ jù lọ láyé, torí wọ́n ti fín ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú oògùn sí i débi tó ti mọ̀ ọ́n lára. Èmi ò lè fara mọ́ kí èèyàn máa fín ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀ sórí ohun tó máa jẹ. Mo ní kí wọ́n gbé ìgò náà kúrò nílé.

Brussels sprouts ga, ó sì léwé. Ọmọ orí kéékèèké tó yẹ kó so lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi rẹ̀ ò wá, ibi tí òmíràn ti yọ, ó là sílẹ̀ yẹ̀rẹ̀. Òtútù tó ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń mú un dì mọ́ra. A sè é jẹ.

Kale ló dúró. Kòkòrò jẹ ẹ́, ó tún yọ ewé. Ẹjọ́ tí Màmá ní pẹ̀lú rẹ̀ ni pé ó korò díẹ̀, ó sì le lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ọmọ àwọn sọ pé ti òun ń dùn.

Ibí ni ìbéèrè wọn ti dáhùn ara rẹ̀. Ní Ìlú Ọba, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbin nǹkan wọ̀nyí nígbà òtútù. Ìgbà ooru, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ni wọ́n ti ń gbin púpọ̀ nínú wọn, kí ó lè dàgbà tán kí òtútù tó wọlé. Bí ojúmọ́ bá ti kúrú débi tí ìmọ́lẹ̀ ò tó wákàtí 10 mọ́, ẹ̀fọ́ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà rárá. Ní London, ojúmọ́ tó kúrú jù lóṣù Ọ̀pẹ ò tó wákàtí 8. Ohun tí ọmọ Màmá ń ká láàárín yìnyín ti dàgbà tán látoṣù kẹwàá; ọgbà rẹ̀ ti di àká tó kàn ń lọ mú oúnjẹ nínú rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́. Kò sí ohun tó ń hù níbẹ̀.

Dídùn rẹ̀ sì ní orísun. Kale àti káróòtì, bí òtútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, wọ́n á máa sọ sítáàṣì ara wọn di ṣúgà, torí omi tí ṣúgà wà nínú rẹ̀ kì í tètè dì. Ohun tí ẹ̀fọ́ fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìrì dídì ni èèyàn ń tọ́ wò tó ní ó dùn. Omi ń dì ní 0°C. Ní Àkúrẹ́, òru ọyẹ́ tó le gan-an kì í sábà lọ sísàlẹ̀ 15°C. Kò sí ohun tó dẹ́rù ba kale Ọ̀bà-Ilé tí yóò fi máa kó ṣúgà pamọ́.

Mo sọ fún Màmá pé ohun tí irúgbìn yẹn ṣèlérí ni pé òun á fara da òtútù. Kò sọ pé òun á fara da oòrùn ọ̀sán àti afẹ́fẹ́ tó ń fa omi jáde lára ewé. Ọyẹ́ wa kì í ṣe òtútù bí ti ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀gbẹlẹ̀ tó ní òwúrọ̀ tútù ni.

Wọ́n ní, "Jos ńkọ́? Ṣebí Jos ni kábéèjì inú ọjà Ṣáṣá ti ń wá."

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Jos ga ju mítà 1,200 lọ sókè òkun, Àkúrẹ́ ò ju bí 350 lọ. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń tutù, bí dígírì mẹ́fà lórí mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn ará Jos máa rí káróòtì tó pupa, tó sì dùn, àti ànàmọ́ Òyìnbó, tí àwa ń dúró de ọkọ̀ wọn.

Àlùbọ́sà ni mo fi sílẹ̀ kẹ́yìn, torí kò sí ohun tó ṣe é. Kòkòrò ò jẹ ẹ́, ewé rẹ̀ dúró ṣánṣán, àwọ̀ rẹ̀ dára. Mo fà á tu lóṣù kẹrin, òjò ti ń rọ̀: ìdí rẹ̀ tọ́ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, kò sí ikùn kankan níbẹ̀. Wọ́n ti da ajílẹ̀ sí i, eérú sí i, wọ́n ti tẹ ewé rẹ̀ lulẹ̀ bí ẹnì kan ṣe ní kí wọ́n ṣe. Kò ta.

Àlùbọ́sà kì í wo òtútù kó tó ta, ìmọ́lẹ̀ ló ń wò. Irú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíi Ailsa Craig yìí, kì í bẹ̀rẹ̀ sí í ta àfi tí ojúmọ́ bá gùn tó wákàtí 14 sí 16. Nílé rẹ̀, ó ń rí i: lóṣù kẹfà, ojúmọ́ London ń kọjá wákàtí 16. Àkúrẹ́ wà ní nǹkan bíi dígírì 7 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Ojúmọ́ wa tó kúrú jù, lóṣù Ọ̀pẹ, tó nǹkan bíi wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 40. Èyí tó gùn jù, lóṣù kẹfà, ò ju wákàtí 12 ààbọ̀ àti díẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ò pé wákàtí kan. Bí Màmá bá fi Ailsa Craig sílẹ̀ lórí ebè yẹn fún ọdún mẹ́wàá, wákàtí 14 tó ń retí ò ní dé. Àwọn irú tí wọ́n ń gbìn ní Kano àti Sokoto, àti Red Creole tó wà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ ọ̀gbìn, wákàtí 11 sí 12 ti tó wọn.

"Ṣé o wá ń sọ pé kò sí ajílẹ̀ tó lè mú un ta ni, ọmọ mi?"

Mo ní kò sí, Màmá.

"Tí mo bá tan iná sí i lórí lálẹ́ ńkọ́?"

Mo ní ìyẹn á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ro owó iná. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó.

Ohun tí a mú nínú ọgbọ́n àwọn Òyìnbó fún ọdún kejì ni bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ sẹ́yìn. Wọ́n mọ ìgbà tí ìrì dídì àkọ́kọ́ sábà máa ń bọ́ ládùúgbò wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ka ọ̀sẹ̀ padà dé ọjọ́ tí irúgbìn yóò wọlẹ̀. Àwa náà ní ìgbà tí à ń sá fún: ìparí oṣù kejì. Oṣù kejì àti ìkẹta ló gbóná jù ní Àkúrẹ́, ìgbà yẹn náà ni omi kànga ń fà. Kábéèjì máa ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún ní nọ́sìrì, ibi tí a ti ń tọ́ ọmọ irúgbìn, ó sì ń lo bí oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta lórí ebè. Ẹ ka oṣù mẹ́rin padà láti ìparí oṣù kejì, ìparí oṣù kẹwàá lẹ máa bá ara yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣáájú ìyẹn díẹ̀ nítorí kòkòrò. Ìgbà tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ́n irúgbìn lóṣù Ọ̀pẹ, ó yẹ kí kábéèjì wọn ti máa kó orí jọ. Ẹni tó bá tiẹ̀ fẹ́ tà á fún àwọn tó ń ṣe sàláàdì nígbà Kérésì, oṣù kẹsàn-án ni kó ti bẹ̀rẹ̀ nọ́sìrì.

A mú kábéèjì KK Cross, torí ó lè kó orí jọ nínú ooru, káróòtì New Kuroda àti Red Creole. A yọ spinach àti Brussels sprouts kúrò nínú ètò. Kale àti létúùsì tí ọmọ fi ránṣẹ́ ṣì kù nínú páálí, a lò wọ́n. Màmá ní irúgbìn ọmọ àwọn ò gbọdọ̀ ṣòfò, nítorí náà Ailsa Craig gba ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Red Creole. Mo gbà, mo tiẹ̀ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá la bẹ̀rẹ̀ nọ́sìrì, òjò ṣì ń rọ̀. Inú báàfù tó ti là ni a gbìn ín sí, a lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a sì gbé e sábẹ́ àtíbàbà tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bo lórí. Màmá lọ ra aṣọ àwọ̀n funfun ní Ọjà Ọba, irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe ìbòjú ìyàwó, a fi bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká. Àfòpiná tí kò bá ríbi bà lé ò ní ríbi yé ẹyin sí. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe, aṣọ yìí ló sanwó rẹ̀ padà jù.

Létúùsì, inú fíríìjì ló ti bẹ̀rẹ̀. A da irúgbìn sáàárín tíṣù tútù, a fi nylon wé e, ó lo ọjọ́ méjì níbẹ̀ (kì í ṣe inú fírísà o). Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ la gbìn ín, a ò rì í, a kàn fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ torí ó nílò ìmọ́lẹ̀ kó tó hù. Kò pẹ́ tó fi yọ, bíi pé òun kọ́ ló kọ̀ ní ọdún tó kọjá.

Lóṣù kọkànlá a gbé kábéèjì àti kale jáde sórí ebè, àlàfo bí ìdajì mítà láàárín wọn. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa la lò, a sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ nípọn. Ìdí koríko yẹn ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo tún ki tẹmómítà bọ ilẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán: níbi tí koríko bò, ó tutù ju ibi tí kò bò lọ ní dígírì tó tó mẹ́fà. Omi tí Màmá ń bù sí i lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kejì-kejì ló wá ń gbà.

Fún kòkòrò, èso dóńgóyárò. Wọ́n gún un, wọ́n rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé, wọ́n sì fín in nírọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn ti wọ̀, torí oòrùn ń pa agbára rẹ̀. Abẹ́ ewé ni wọ́n ń fín, níbi tí kòkòrò wà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ máa ń ká ewé kọ̀ọ̀kan sókè láàárọ̀, ó ń fi ọwọ́ mú èyí tó bá rí. Iṣẹ́ ìyẹn le ju ti dóńgóyárò lọ, ó sì ń ràn jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ omi: ẹnì kan gba Màmá níyànjú pé kí wọ́n wá ilẹ̀ àkùrọ̀ létí odò Àlà, níbi tí omi kì í tán. Mo ní rárá fún ohun tí wọ́n á jẹ ní tútù. Odò Àlà gba àárín ìlú kọjá, gọ́tà ilé àti ti àwọn tó ń fọ mọ́tò ń sàn sínú rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí a máa sè nìyẹn lè jẹ́, kì í ṣe létúùsì.

Àbájáde rẹ̀ nìyí. Kábéèjì bẹ̀rẹ̀ sí í tó gé ní àárín oṣù kìíní. Orí rẹ̀ ò tó ti Jos, èyí tó tóbi jù nínú wọn kún ọwọ́ mi méjèèjì, ó sì wúwo. Àwọn kan ṣì sọnù sọ́wọ́ webworm, pàápàá lẹ́yìn tí aṣọ àwọ̀n ya ní igun kan tí ewúrẹ́ àdúgbò fà á. Létúùsì dára títí di ìparí oṣù kìíní. Nígbà tí ooru dé ó na igi sókè, ó korò, a fún àwọn ehoro. Kale ò dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n Màmá ti kọ́ láti máa já a nígbà tó ṣì rọ̀, wọ́n sì ń fi iyọ̀ pa á lára kí wọ́n tó sè é mọ́ ẹ̀gúsí. Òun nìkan ló wọ inú òjò tuntun pẹ̀lú wa. Kò yà mí lẹ́nu, torí àwọn ará Kenya tí wọn ò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì ń jẹ ìbátan rẹ̀ lójoojúmọ́, sukuma wiki ni wọ́n ń pè é.

Lóṣù kẹta, ọrùn Red Creole rọ̀, ewé rẹ̀ ṣubú lulẹ̀, orí rẹ̀ yọ síta lórí ilẹ̀, pupa dẹ̀dẹ̀. Ailsa Craig dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ewé tútù, ìdí títọ́. Ilẹ̀ kan náà, omi kan náà, ọwọ́ kan náà. Màmá pe àwọn ará àdúgbò wá wò ó, wọ́n sì ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wákàtí ìmọ́lẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ohùn tíṣà. Wọ́n gé ewé Ailsa Craig sínú ọbẹ̀.

Wọ́n ti bi mí bóyá wọ́n lè fi kábéèjì méjì sílẹ̀ kó so irúgbìn, kí wọ́n má bàa máa rà á. Kò ní so. Kábéèjì àti káróòtì, ọdún kejì wọn ni wọ́n ń yọ òdòdó, lẹ́yìn tí òtútù bá ti lù wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Òtútù yẹn ò sí ní Ọ̀bà-Ilé. Lọ́dọọdún ni wọ́n á máa rà á, kí wọ́n sì máa wo déètì ẹ̀yìn páálí, torí èyí tó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tó gbóná kì í hù tán. KK Cross náà jẹ́ haíbúríìdì, ìyẹn ọmọ irú kábéèjì méjì tí wọ́n mú pọ̀. Bó tiẹ̀ so, ọmọ rẹ̀ ò ní jọ ọ́.

Káróòtì la ò tíì rí yanjú. Ó hù lọ́dún kejì, torí wọ́n fi àpò ìdọ̀họ tútù bo ebè títí ó fi yọjú, kò sí ẹni tó tú u. Àwọ̀ rẹ̀ ṣì ṣá díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń pín, torí òkúta wẹ́wẹ́ ilẹ̀ yẹn ò tán. Màmá ti ra yanrìn odò, ẹ̀kún báárò mẹ́fà. Lóṣù kẹsàn-án, ebè méjì tó súnmọ́ kànga la máa gbé ga pẹ̀lú yanrìn náà, a ò sì ní da ìgbẹ́ adìyẹ kankan sí ìyẹn.